Ọjọ́ mẹ́rin ní Venice pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń yọ lẹ́nu: ibo ni ká dé sí, kí la ó wò?

Àbẹ̀ní_SE15

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ mú màmá mi (ẹni ọdún 71) àti àwọn ọmọ mi méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 14, èkejì ọmọ ọdún 9, lọ sí Venice ní àárín oṣù kẹwàá fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìbàdàn ni màmá ń gbé. Wọ́n á kọ́kọ́ wá bá wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ la ó ti jọ wọ bàálù. Wọ́n ń rìn dáadáa lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, àmọ́ orúnkún wọn kì í gba àtẹ̀gùn.

Ṣé inú Venice gan-an ni ká dé sí, àbí Mestre tí owó rẹ̀ rọjú? Báwo lèèyàn ṣe ń wọ ìlú láti pápákọ̀ òfurufú? Tíkẹ́ẹ̀tì wo ló yẹ ká ti rà sílẹ̀? Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ ìlú? Omi tí wọ́n ní ó máa ń kún, ṣé kò ní bá wa níbẹ̀? Físà màmá ńkọ́, ṣé a lè gbà á ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n bá ti dé?

Ẹ ṣeun o.

Atukọ̀_Lágúnà

Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Ibi tí ẹ ó dé sí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni yóò pinnu bóyá màmá á gbádùn ìrìn yìí.

Inú Venice ni kí ẹ dé sí. Lóòótọ́, yàrá Mestre dínwó, rélùwéè láti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀ Santa Lucia kò sì ju ìṣẹ́jú 10 sí 12 lọ. Àmọ́ ẹni tó bá sùn ní Mestre, àárín èrò ni yóò bá wọlé láàárọ̀, àárín èrò náà ni yóò bá jáde lálẹ́. Ìgbà tí Venice dára jù ni kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù àti lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àlejò ojúmọmọ ò tíì dé tàbí tí wọ́n ti lọ. Èyí tó tún kan yín jù: bó bá rẹ màmá ní aago méjì ọ̀sán, ẹ lè mú wọn padà sí yàrá kí wọ́n na ẹ̀yìn díẹ̀, kí ẹ tún jáde nígbà tí oòrùn bá rọ̀. Láti Mestre, gbogbo ọ̀sán ni ìyẹn máa gbà.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ afárá. Orí erékùṣù kéékèèké tó lé ní 100 ni ìlú yẹn wà, afárá tó so wọ́n pọ̀ sì lé ní 400. Àtẹ̀gùn ló wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Mọ́tò kò wọ ibẹ̀ rárá, kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá wọn ò gbà á láyè. Nítorí náà, ẹ má wo máàpù kí ẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Afárá ni kí ẹ kà. Kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ bi onílé pé: èbúté wo ló sún mọ́ ilé jù, afárá mélòó la ó gùn láti èbúté náà dé ẹnu ọ̀nà, ṣé lífíìtì sì wà? Ilé àtijọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké. Ilé kan lè wà lẹ́bàá èbúté kí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ sì ga bí òkè.

Agbègbè mẹ́ta ni mo lè tọ́ka sí fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Èkíní ni Via Garibaldi ní Castello, èbúté Arsenale tàbí Giardini: omi ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dí i, ìdí nìyẹn tó fi fẹ̀ tó sì tẹ́jú. Àwọn onílùú ló pọ̀ níbẹ̀, owó oúnjẹ sì rọ̀ díẹ̀. Èkejì ni Zattere ní Dorsoduro, etí omi gígùn tí oòrùn ń tàn sí, tó dojú kọ erékùṣù Giudecca. Ẹ̀kẹta ni Strada Nova ní Cannaregio, lẹ́bàá èbúté Ca' d'Oro. Tó bá jẹ́ tèmi ni, Via Garibaldi ni. Nítòsí gbàgede San Marco àti afárá Rialto, owó ga, ọ̀nà há, ariwo sì pọ̀.

Ẹ tún kíyè sí àdírẹ́sì. Adúgbò mẹ́fà ló wà, sestiere ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan: San Marco, Castello, Cannaregio, Dorsoduro, San Polo, Santa Croce. Adúgbò ni nọ́ńbà ilé ń tẹ̀ lé, kì í tẹ̀ lé òpópónà. Wọ́n lè kọ orúkọ adúgbò àti nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún kan ó lé fún yín láì dárúkọ òpópónà kankan. Ẹ ní kí onílé fi orúkọ calle náà, ìyẹn òpópónà, àti àmì ibẹ̀ lórí Google Maps ránṣẹ́, kí ẹ tó kúrò nílé.

Láti pápákọ̀ òfurufú: ẹ kọ́kọ́ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wò. Marco Polo ló wà lẹ́bàá ìlú. Treviso, tí àwọn bàálù olówó pọ́ọ́kú kan ń balẹ̀ sí, jìnnà ní nǹkan bí wákàtí kan nínú bọ́ọ̀sì. Láti Marco Polo, bọ́ọ̀sì 5 ti ACTV (iléeṣẹ́ ọkọ̀ ìlú) tàbí ti iléeṣẹ́ ATVO á gbé yín dé Piazzale Roma láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 25, nǹkan bí €10 lórí ẹnì kan. Ibẹ̀ ni ọ̀nà mọ́tò parí sí. Láti ibẹ̀, ẹ wọ vaporetto, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi akérò. Ọkọ̀ Alilaguna náà wà, láti pápákọ̀ lọ tààrà lórí omi. Ó ń falẹ̀, ó lè ju wákàtí kan lọ kó tó dé San Marco, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Páàsì ACTV kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣìnà níbẹ̀ yẹn. Takisí ojú omi a máa lé ní €100.

Owó vaporetto nìyí: tíkẹ́ẹ̀tì ìṣẹ́jú 75 jẹ́ €9.50, ti wákàtí 24 €25, 48 €35, 72 €45, ti ọjọ́ méje €65. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ ẹyọ ti ná €47.50, nítorí náà ti wákàtí 72 ni kí ẹ̀yin àti màmá gbà. Fún àwọn ọmọ, ẹ béèrè káàdì Rolling Venice, tó wà fún ẹni ọdún 6 sí 29: €6 ni káàdì, €27 ni páàsì wákàtí 72 tó bá a lọ. Àròpọ̀ fún ẹ̀yin mẹ́rin jẹ́ €156. Ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ẹ̀rọ ni wákàtí ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ rà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, yóò gbé yín dé ọ̀sán ọjọ́ kẹrin. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ ni kí ẹ fi kan ẹ̀rọ títí yóò fi dún, bí páàsì yín tiẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá mú tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ yóò san owó ìtanràn.

Ọkọ̀ 1 ni ó ń dúró ní gbogbo èbúté Canal Grande, ọ̀nà omi ńlá tó la ìlú já. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú 45 láti Piazzale Roma dé San Marco, ìrìn yẹn fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìran wíwò: ààfin lọ́tùn-ún, ààfin lósì. Piazzale Roma gan-an ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń ṣófo. Èbúté tó tẹ̀ lé e ni Ferrovia, iwájú ibùdókọ̀ rélùwéè, ibẹ̀ sì ni àga ti máa ń tán. Ọkọ̀ 2 yára, ṣùgbọ́n kì í dúró níbi púpọ̀. Ní àwọn èbúté ńlá bíi San Zaccaria, Rialto àti Fondamente Nove, pèpéle tó ní lẹ́tà A, B, C, D ló wà. Ọkọ̀ kan náà lè wà ní B fún àlọ àti D fún àbọ̀, nítorí náà ẹ ka bọ́ọ̀dù kí ẹ tó tò. Kí màmá má sì bọ́ sínú ọkọ̀ títí òṣìṣẹ́ á fi so okùn, tí yóò ṣí irin ẹnu ọ̀nà.

Afárá gíláàsì tó wà láàárín Piazzale Roma àti ibùdókọ̀ rélùwéè, Ponte della Costituzione, ẹ má gbà á pẹ̀lú ẹrù. Àtẹ̀gùn rẹ̀ kò bá ara wọn dọ́gba, ó sì máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Ọkọ̀ ni kí ẹ wọ̀.

Nǹkan kan wà tó lè ṣe yín láǹfààní: ní oṣù kẹwàá ni eré ìje Venicemarathon máa ń wáyé, wọ́n sì máa ń fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórí àwọn afárá etí omi láti Zattere títí dé apá Castello kí àwọn eléré lè sá kọjá. Níbi tí pákó yẹn bá wà, màmá ò ní gun àtẹ̀gùn rárá.

Ìwé_Ìrìnnà

Físà ni tèmi. Ẹ má dúró di ìgbà tí màmá bá dé Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ tí èèyàn ń gbé lábẹ́ òfin ni òfin Schengen (ti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí físà kan náà ń wọ̀, Ítálì wà lára wọn) ní kó ti béèrè físà. Ẹni tó wá kí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú físà àbẹ̀wò kì í ṣe olùgbé Britain, wọ́n sì lè kọ ìwé rẹ̀ láì tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Nàìjíríà ni kí màmá ti gba físà Ítálì kí wọ́n tó gbéra.

Ìgbà tí ẹ ó fi ìwé sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 ni wọ́n máa fi ń yẹ ìwé wò, àmọ́ ó lè fà dé ọjọ́ 45 tí wọ́n bá ń béèrè ìwé mìíràn, nítorí náà oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ €90 fún àgbàlagbà. Páásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n á kúrò ní Yúróòpù, kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kó sì ní ojú ewé méjì tó ṣófo. Ìwé ìbánigbófò ìlera gbọ́dọ̀ tó €30,000, kó sì dárúkọ ìtọ́jú pàjáwìrì àti gbígbé aláìsàn padà sílé.

Níwọ̀n bí ẹ̀yin lẹ ó ti sanwó, ẹ fi lẹ́tà kún un, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ báńkì yín, ìwé tó fi hàn pé ọmọ wọn ni yín, àti físà Britain màmá. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí yín àti èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù màmá gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ìgbéyàwó bá ti yí orúkọ padà, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó sí i. Ẹ rí i dájú pé físà Britain wọn gbà kí wọ́n jáde kí wọ́n tún padà wọlé.

Tí páásípọ́ọ̀tù tiyín bá jẹ́ ti Nàìjíríà, tí ẹ sì ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin lè gba tiyín ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ tó bá ní páásípọ́ọ̀tù Britain kò nílò físà fún ọjọ́ mẹ́rin. Láti oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò àti ìtẹ̀ka àlejò ní ẹnubodè Schengen. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kì í tẹ̀ka. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìlà.

Òjìji_Wúrà

Owó ìwọ̀lú wà lóòótọ́. Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 2025, ọjọ́ 54 ni wọ́n fi gbà á, gbogbo rẹ̀ sì wà láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, láti 8:30 àárọ̀ sí 4:00 ìrọ̀lẹ́: €5 fún ẹni tó tètè san, €10 fún ẹni tó fi falẹ̀. Oṣù kẹwàá kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sùn nínú ìlú kì í san án lọ́nàkọnà, torí onílé ń gba owó orí àlejò lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé 14 náà kì í san án. Tí ẹ bá wá yí ọjọ́ padà sí àárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, ẹ rántí pé ẹni tó bá sùn nínú ìlú gan-an gbọ́dọ̀ gba àmì QR lórí ìkànnì ìlú.

Ìbéèrè tíkẹ́ẹ̀tì: ohun méjì péré ni kí ẹ rà sílẹ̀, Palazzo Ducale (ààfin Doge, olórí Venice àtijọ́) àti Basilica San Marco, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú. Fún Palazzo Ducale, ẹni tó bá rà á ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú máa ń rí ẹ̀dínwó, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà sì gba èèyàn wọ Museo Correr, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní òdìkejì gbàgede. Aago mẹ́sàn-án tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ni kí ẹ mú. Ẹ béèrè lífíìtì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí Scala d'Oro, àtẹ̀gùn oníwúrà tí gbogbo èèyàn ń gbà, ga. Yàrá ìgbìmọ̀ ńlá tó wà lókè jẹ́ mítà 53 ní gígùn, 25 ní ìbú, kò sì sí òpó kankan láàárín rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá jókòó níbẹ̀ dáadáa. Ìrìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Itinerari Segreti, tó ń gba àwọn yàrá ìkọ̀kọ̀ àti ẹ̀wọ̀n kọjá. Ọmọ ọdún 14 lè fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tóóró ló kún ibẹ̀, kì í ṣe ti màmá.

Basilica: ẹ mú àkókò bí 11:30. Láti ìgbà yẹn títí di nǹkan bí 12:45 ní àárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tan iná sí àwòrán òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà tó bo òrùlé àti ògiri. Kí wọ́n tó tan iná, dúdú lẹ máa rí. Tí iná bá ti tàn, ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní ilé wúrà. Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà ní bíbò. Ìró àti bùbá màmá ti yanjú ìyẹn, ọmọ tó wọ ṣòkòtò péńpé ni wọ́n máa dá padà. Wọn ò gba báàgì ńlá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ ní yàrá. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò wọlé, nítorí ìsìn. Ẹṣin idẹ mẹ́rin tí wọ́n kó láti Constantinople ní 1204 wà lókè, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ga fíofío: àwọn ọmọ lè gùn ún, kí màmá wà nísàlẹ̀ kí wọ́n máa wo Pala d'Oro, pátákó wúrà tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Èyí tó wà níta lórí ẹnu ọ̀nà jẹ́ àwòkọ. Inú ni ojúlówó wà.

Fún wíwo ìlú láti òkè, gbogbo èèyàn ló ń tò níwájú Campanile San Marco. Ilé ìṣọ́ yẹn wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù keje 1902, kò pa èèyàn kankan, wọ́n sì tún un kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ títí di 1912. Ó dára, ó sì ní lífíìtì. Ṣùgbọ́n ti San Giorgio Maggiore, erékùṣù tó wà ní òdìkejì omi, ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní lífíìtì, ìlà rẹ̀ kúrú, láti ibẹ̀ sì ni ẹ ti máa rí San Marco fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ 2 láti San Zaccaria, ìṣẹ́jú mélòó kan péré.

Ọ̀sán kan, ẹ sọ̀ ní San Tomà. Ṣọ́ọ̀ṣì Frari àti Scuola Grande di San Rocco wà nítòsí ara wọn. Ní San Rocco, wọ́n máa ń fún èèyàn ní dígí láti gbé dání kó lè wo àwọn àwòrán Tintoretto tó wà lára àjà láìgbé ọrùn sókè. Ọrùn àgbà máa dúpẹ́. Ní Frari, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo àwòrán Assunta ti Titian, ẹ yíjú sí ibojì Doge Giovanni Pesaro. Ère àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́rin ló ru apá òkè ibojì náà lé èjìká, aṣọ wọn ti ya lórúnkún. Àwọn ọmọ á béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ sì fi òótọ́ dá wọn lóhùn: wọ́n ń ra ẹrú ní Venice, wọ́n sì ń tà á, fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.

Èyí sì mú mi dé Gallerie dell'Accademia, ilé àwòrán àtijọ́. Nínú àwòrán Carpaccio tó fi afárá Rialto onígi hàn, nǹkan bí 1494, atukọ̀ gondola kan tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú wà níwájú pátápátá, ó wọ aṣọ tó gbayì. Nínú ti Gentile Bellini ní 1500, ọkùnrin dúdú kan dúró létí omi, ó fẹ́ bẹ́. Ẹ fi han àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ Ajé, ilé yẹn máa ń tètè tì.

Gondola: iye tí ìjọba ìlú fọwọ́ sí jẹ́ €90 fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọmọ, €110 fún ìṣẹ́jú 35 lẹ́yìn aago méje alẹ́. Ti odindi ọkọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì gba èèyàn márùn-ún. Ẹ fẹnu kò lórí iye àkókò àti ọ̀nà tí ẹ ó gbà kí ẹsẹ̀ yín tó kan ọkọ̀. Tí ẹ kò bá fẹ́ ná tó bẹ́ẹ̀, traghetto wà ní Santa Sofia lẹ́bàá Ca' d'Oro: gondola ńlá tó ń gbé èèyàn sọdá sí ọjà Rialto fún €2. Ọjà ẹja ibẹ̀ kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú àti Ajé.

Àbẹ̀ní_SE15

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fagi lé Mestre. Ìbéèrè kan ló kù: ìlẹ̀kẹ̀ ni màmá ń tà l'Ọ́jà'ba, wọ́n sì ti gbọ́ nípa Murano, erékùṣù tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì. Ṣé ó tọ́ kí a fi ọjọ́ kan síbẹ̀? Erékùṣù Burano ńkọ́?

Ìyálójà_Sẹ̀gi

Ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀? Ó tọ́ sí ọjọ́ kan gbáko.

Ní 1291 ni ìjọba Venice kó àwọn iléru gíláàsì lọ sí Murano nítorí ẹ̀rù iná. Láti ibẹ̀ àti láti inú Venice fúnra rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ti ń bọ̀ sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń fi ṣe pàṣípààrọ̀. Púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà tó ti gbó lọ́rùn àwọn ìyá wa, ọ̀nà yẹn ló gbà dé. Màmá á ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni iyùn, tó jẹ́ nǹkan inú òkun. Wọ́n á sì fẹ́ gbọ́ pé Ilé-Ifẹ̀ ń ṣe gíláàsì tirẹ̀ ní Igbó Olókun láti bí ọ̀rúndún 11, kí ti Venice tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá.

Museo del Vetro, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gíláàsì ní Murano, ni kí ẹ lọ, èbúté Museo. Ẹ wá rosetta: ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ búlúù, pupa àti funfun tó ní ìràwọ̀ lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á ki gíláàsì gbígbóná bọ inú àwo tó rí bí ìràwọ̀, wọ́n á fi àwọ̀ mìíràn bò ó, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin méjì á fà á ní òdìkejì ara wọn títí yóò fi tín-ín-rín bí ọ̀pá. Nígbà tó bá tutù, wọ́n á gé e, wọ́n á lọ ẹnu rẹ̀, ìràwọ̀ á sì yọ jáde. Irú kejì ni perle a lume: wọ́n á yọ́ ọ̀pá gíláàsì lójú iná, wọ́n á máa yí i mọ́ wáyà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ní 2020 ni UNESCO kọ iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì yìí sínú ìwé àjogúnbá. Àwọn obìnrin tó máa ń sín ìlẹ̀kẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Castello àti Cannaregio, impiraresse ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n á gbé àwo igi sórí itan, wọ́n á fi ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ gígùn tó nà bí abẹ̀bẹ̀ wọ inú ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá ò nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí àwọn yẹn ń ṣe.

Ìkìlọ̀: tí ẹnikẹ́ni ní òtẹ́ẹ̀lì bá ní ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ Murano, ẹ dúpẹ́, kí ẹ má lọ. Ilé ìtajà kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbé yín lọ, wọn ò sì ní fi yín lọ́rùn sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọkọ̀ 4.1 tàbí 4.2 láti Fondamente Nove ń débẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, páàsì yín sì gbà á. Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wá àmì Vetro Artistico Murano lára fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tó kún etí San Marco kì í sábà jẹ́ ti ibẹ̀. Ẹ gbé ẹyọ méjì irú kan náà sínú àtẹ́lẹwọ́: èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe kì í jọra délẹ̀. Bí méjèèjì bá jọra bí ìbejì, ẹ̀rọ ló ṣe é.

Burano ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ 12 láti Fondamente Nove, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 sí 45, kí ẹ sì wọ èyí tó ń lọ kó tó di aago mẹ́sàn-án. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀ ní Murano á tún wọ ọkọ̀ 12 kan náà ní Murano Faro láàárín ọ̀sán, ó sì lè ti kún débi tí wọn á fi èèyàn sílẹ̀. Ní àbọ̀, ẹ sọ̀ ní Faro, ẹ wo Murano ní ọ̀sán. Burano kéré, ó tẹ́jú, ilé rẹ̀ kún fún àwọ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ tó. Erékùṣù Torcello, ìṣẹ́jú márùn-ún sí i lórí omi pẹ̀lú ọkọ̀ 9, ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 639. Láti èbúté, ìrìn ìṣẹ́jú 10 lórí ọ̀nà títẹ́jú ni. Tó bá ti rẹ màmá, ẹ fo ó.

Olóńjẹ_Ọ̀nà

Ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ omi, ẹ jẹ́ kí n fi oúnjẹ lé e.

Láti oṣù kẹwàá lọ ni acqua alta, ìyẹn omi òkun tó ń kún wọ ìlú, máa ń ṣẹlẹ̀. Ti ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2019 ga dé sẹ̀ǹtímítà 187. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 2020 ni wọ́n ti ń gbé MOSE dìde, ìyẹn ìlẹ̀kùn irin 78 tó ń dí ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí òkun ń gbà wọlé, nígbà tí wọ́n bá rí i pé omi máa tó sẹ̀ǹtímítà 110. Nítorí náà, kò sí pé omi ń bo ìlú mọ́lẹ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá. Èyí tó ṣì lè bá yín ni omi tí kò tó 110: gbàgede San Marco ló rẹlẹ̀ jù, omi sì máa ń yọ níbẹ̀ tó bá ti kọjá 80 díẹ̀. Wákàtí mélòó kan ni, yóò tún fà. Ẹ gba áàpù hi!tide Venice sórí fóònù, ó ń sọ bí omi yóò ṣe ga. Bí ó bá bọ́ sí àárọ̀ tí ẹ fẹ́ lọ San Marco, ẹ lọ sí Frari lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má ra bàtà ọ̀rá lọ láti Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ tí omi bá yọ, àwọn ọlọ́jà á ti gbé e síta.

Oúnjẹ. Ẹ fi baccalà mantecato ṣe àkọ́jẹ fún màmá. Bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní baccalà, pańla gbígbẹ láti Nọ́wè ni, irú èyí tí à ń rẹ sínú omi kó tó rọ̀. Ìtàn rẹ̀ ni pé ọkọ̀ Pietro Querini, oníṣòwò ará Venice, rì lókun, òun fúnra rẹ̀ sì gúnlẹ̀ sí erékùṣù Røst ní Nọ́wè ní 1432, ibẹ̀ ló ti rí i. Ní Venice, wọ́n á sè é, wọ́n á máa fi òróró pò ó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi funfun, tí yóò rọ̀ bí ìpara. Orí polenta ni wọ́n ń gbé e lé, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n rò le, ẹni tó mọ tùwó àgbàdo á mọ̀ ọ́n. Sarde in saor náà wà: ẹja sàdínnì díndín tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti ọtí kíkan bò. Ata ò sí nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé ata gígún dání.

Ilé tí wọ́n ń pè ní bacaro ni ẹ ti máa rí àwọn oúnjẹ kéékèèké yìí, cicchetti, lórí káńtà, ẹyọ ẹyọ. Ìdúró ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ jù, nítorí náà ẹ tètè débẹ̀ kí màmá lè rí àga. Ní ilé oúnjẹ, coperto jẹ́ owó ìjókòó tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin gbà á, ẹ má bá wọn jà. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni ẹja tí wọ́n kọ all'etto sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó gíráàmù 100 nìyẹn. Ẹja tó wúwo tó gíráàmù 800, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó sè é. Kọfí tí èèyàn dúró mu lẹ́nu káńtà dínwó gan-an ju èyí tí ó jókòó mu lọ. Ní gbàgede San Marco, wọ́n tún ń fi owó orin kún un.

Omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ní àwọn gbàgede ṣeé mu, ẹ gbé ìgò dání. Ilé ìtura ìlú jẹ́ €1.50, ẹ ní owó ẹyọ lápò. Ẹ má jókòó sórí àtẹ̀gùn San Marco láti jẹun, ẹ má sì fún ẹyẹlé lóúnjẹ: ìtanràn wà lórí méjèèjì. Tí màmá bá fẹ́ jókòó lọ́fẹ̀ẹ́, ọgbà Giardini Reali wà lẹ́yìn San Marco, bẹ́ǹṣì kún ibẹ̀.